Kó o tó ra ṣáàfùtù mìíràn

Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù kan ni ọmọkùnrin kan fa Golf 3 tó fi ń sáré ìdíje wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Parakin, n'Ílé-Ifẹ̀. Ṣáàfùtù ọ̀tún, irin tó ń gbé agbára gíà lọ sí táyà, ló ṣẹ́ nígbà méjèèjì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo gbowó mi. Nígbà kejì ni mo tó gbé irin tó ṣẹ́ náà sí oòrùn wò.

Etí ni kó o kọ́kọ́ lò, kì í ṣe sùpánà. Wá ibi tó tẹ́jú, yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun, kó o máa rọra lọ. Bó bá ń dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́", jọ́ìntì ìta ṣáàfùtù, èyí tó wà nídìí táyà, ló ti jẹ. Bó bá sì jẹ́ pé lójú ọ̀nà tó gún ni mọ́tò ń gbọ̀n tó o bá tẹ iná mọ́ ọn, tó ń rọlẹ̀ tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, jọ́ìntì inú, èyí tó wà nídìí gíà, ni kó o fura sí. Bíárìn táyà ní tiẹ̀ máa ń hó "wùùù" ni. Fi gíà sí fíríì, kò ní dákẹ́. Bó o bá yà sọ́tùn-ún tí ariwo ẹ̀ pọ̀ sí i, ti òsì ni, torí òsì ni ẹrù mọ́tò ń dà sí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ké tí mọ́tò ò rìn, kílọ́ọ̀ṣì, tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà, ló ń yọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, wo rọ́bà tó bo jọ́ìntì. Ooru bíréèkì máa ń mú kó gan. Bó bá ti ya, wàá rí gírísì tó fọ́n sínú ríìmù. Tú ọ́ìlì gíà náà wò. Ẹrẹ̀ dúdú kúnná lára òòfà inú gíà kì í ṣe wàhálà, àmọ́ ègé irin tó o lè fi èékánná ṣà, gíà ti ń fọ́ nìyẹn.

Ojú ibi tí irin ti ṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Bí gbogbo ẹ̀ bá rí ṣákaṣàka, ó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni: bóyá wọ́n já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan ń dán, ó ní ìlà tó tẹ̀ léra bíi ti ìkarahun ìgbín. Apá kékeré tó kù nìkan ló rí ṣákaṣàka. Ó ti ń sán bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan ló ń fì í lójoojúmọ́.

Mo fi ṣáàfùtù míì sí i, mo wá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ bíréèkì, kó fa ti ọwọ́, kó wọ gíà kìíní, kó rọra máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni mo dúró sí o, kì í ṣe iwájú. Ọmọ míì tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dání ló pariwo:

"Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì yìí ń jó!"

Rọ́bà sííìtì ẹ́ńjìnì, èyí tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, ti ya pátápátá. Gbogbo ìgbà tí ọmọkùnrin náà bá tẹná ni ẹ́ńjìnì ń fò, tó ń wọ́ ṣáàfùtù lọ́rùn. Owó sííìtì náà ò tó ìdajì ti ṣáàfùtù kan. N ò gbowó iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí.