Bí a ṣe ń yẹ ìwé owó oṣù ilé iṣẹ́ wò lóṣooṣù

Ẹ dárúkọ àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ létí ẹnikẹ́ni tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Ayédèrú òṣìṣẹ́ ni wọ́n ní àwọn ń wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àmọ́ ọ̀pọ̀ ojúlówó òṣìṣẹ́ ló bá a lọ, tí oṣù ń gorí oṣù láìsí owó. Ìwé tí a bá fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé iṣẹ́ ní Kàbbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Lọ́kọ́ja, ẹ má jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kò ní sí ìdí láti dá owó ẹnikẹ́ni dúró.

Ká mú ilé búrẹ́dì kan tó ní òṣìṣẹ́ 18 ní Kàbbà ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí orúkọ

Ní nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù, ẹ tẹ orúkọ gbogbo àwọn tẹ́ ẹ sanwó fún lóṣù tó kọjá jáde sórí ìwé. Ẹ mú un dání lọ síbi iṣẹ́ fúnra yín, kẹ́ ẹ fojú rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun lóru ńkọ́? Ẹ lọ bá wọn lóru. Ẹni tó wà nísinmi, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ gbóhùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà akáǹtì. Bí orúkọ méjì bá ń gba owó sínú akáǹtì kan náà, ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ bèèrè. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ olè o. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé lè máa lo akáǹtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ gba ìwé tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì ràn án lọ́wọ́ kó ṣí tirẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé.

Ayédèrú òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kékeré, ìgbàgbé ló sábà máa ń bí i. Ọlọ́dẹ kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù, kò sẹ́ni tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, owó ń lọ. Bó bá ti ṣe oṣù kan, ẹni tó ń kọ ìwé á ti rí i pé ọ̀gá kò mọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdánwò ti ń wọlé. Nítorí náà, ọjọ́ tí èèyàn bá lọ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti lọ, kì í ṣe ìparí oṣù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kajú, tẹ́ ẹ máa ń gba lébìrà púpọ̀ lásìkò rẹ̀, ẹ má ṣe da orúkọ wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn olówó oṣù. Ìwé tiwọn lọ́tọ̀, owó ojúmọ́ lọ́tọ̀, kí kálukú fọwọ́ síwèé tàbí kó tẹ̀ka lójoojúmọ́ tó bá gbowó.

Iye owó

Ẹ fi iye tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wé iye tẹ́ ẹ ń san. Bẹ́ ẹ bá ti fi owó kún un fún ẹnì kan, ìwé tó fi hàn pé ẹ fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ wà. Láti oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì kéde ₦72,500 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Òfin náà kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò de ilé búrẹ́dì wa yìí. Síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni tó mọ ààrò dáadáa kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń san ìdajì rẹ̀.

Owó tí à ń yọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Owó tẹ́ ẹ yọ nínú owó oṣù èèyàn, tẹ́ ẹ sọ pé owó orí tàbí owó ìfẹ̀yìntì ni, kì í ṣe owó yín mọ́. Ẹni tó bá yọ ọ́, tó fi ra ìyẹ̀fun, olówó ló jà lólè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ẹnì kan. Ó ń gba ₦90,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,080,000 lọ́dún. Ilé iṣẹ́ àdáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe owó ìfẹ̀yìntì: òṣìṣẹ́ á dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yin á dá 10. Tirẹ̀ jẹ́ ₦7,200 lóṣù, tiyín ₦9,000. Àpapọ̀ ₦16,200 yẹn gbọ́dọ̀ jáde lọ sí akáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tẹ́ ẹ bá ti sanwó oṣù tán.

Ó wá ku owó orí. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ti yí ìṣirò àtijọ́ padà, nítorí náà bí ìwé tẹ́ ẹ ń lò lórí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ọdún 2025, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un ṣe kíá. Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì ọdún kan, ₦86,400, ó ku ₦993,600. Bó bá ń san ₦100,000 fún ilé tó ń gbé lọ́dún, ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ₦20,000, ó ku ₦973,600. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦173,600 tó kù, 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦26,040 lọ́dún, ìyẹn ₦2,170 lóṣù. Ohun tó yẹ kó wọ akáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù ni ₦80,630. Bí ìwé yín bá fún un ní iye mìíràn, ẹ wá ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Owó orí yìí, KGIRS, àjọ tó ń gba owó orí ìpínlẹ̀ wa, ni ẹ máa san án fún, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ̀ tó sì ń sùn ní Erúkù, ìpínlẹ̀ Kwara ló ni owó orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtòsí ààlà ni kò ka èyí sí.

Owó ìtanràn ńkọ́? Òfin iṣẹ́ kò gba kí ọ̀gá yọ ìtanràn nínú owó lébìrà tàbí akọ̀wé. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tó kọ̀ láti ṣọ́ra, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Àpapọ̀ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Fún ẹni tó ń gba ₦90,000, ₦30,000 ni ààlà rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ti fún èèyàn ní owó ṣáájú ìparí oṣù gbọ́dọ̀ máa rántí èyí, kó pín gbèsè náà sí oṣù mélòó kan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó ń dé ibi tó yẹ, ẹ má fi ìbéèrè mọ sọ́dọ̀ akáǹtáǹtì. Ẹ pe òṣìṣẹ́ méjì tẹ́ ẹ kàn ṣàdédé mú, kí wọ́n fi ohun tó wọ akáǹtì ìfẹ̀yìntì wọn hàn yín lórí fóònù. Lóṣù mìíràn, ẹ pe méjì mìíràn.

Èyí tí ẹ̀yin nìkan ń san, láì yọ ọ́ lára ẹnikẹ́ni, ni 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni wọ́n ń lò bí ẹ̀rọ bá gé ẹnì kan lọ́wọ́.

Ta ló ń kọ ọ́, ta ló ń san án?

Ẹni tó kọ ìwé owó oṣù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tẹ owó náà jáde ní báǹkì. Bó ti wù kí akáǹtáǹtì jẹ́ ọmọlúàbí tó, ẹ má fi ìwé àti owó sọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ kò bá lágbára láti gba èèyàn méjì, ẹ̀yin ọ̀gá fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àpapọ̀ rẹ̀ wé ti oṣù tó kọjá. Bó bá lọ sókè tàbí sílẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀ lórúkọ-lórúkọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì agbègbè wa kò ṣeé gbára lé lọ́jọ́ ìparí oṣù. Ọjọ́ 25 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án, kí èyí tí báǹkì bá dá padà lè rí àyè.

Fáìlì oṣù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé owó oṣù tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, ẹ̀rí ìsanwó báǹkì, rìsíìtì owó orí, ti ìfẹ̀yìntì àti ti NSITF. Ẹ tẹ ọ̀kan síwèé, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sínú fláàṣì tó wà nílé, kì í ṣe ní ọ́fíìsì. Ọdún mẹ́fà ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú wọn, ó kéré tán. Láti inú fáìlì méjìlá yẹn náà lẹ ó ti kọ ìròyìn owó orí ọdún tó parí, èyí tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ KGIRS kí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní tó kọjá.