Abẹ́rẹ́ Shingles Fún Oníjẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ó máa ń dun èèyàn wọra láti rí ẹni tó ń bá CLL tàbí CML (irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ méjì) gbé, tó ná owó lórí abẹ́rẹ́ shingles (èéyọ tó ń jó bí iná, tí fáírọ́ọ̀sì chickenpox tó fara pamọ́ sínú ara ń fà), tó fara da apá ríro lẹ́ẹ̀mejì, tí abẹ́rẹ́ náà kò sì ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ, torí pé ìgbà tó gbà á ni kò dáa. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ gbà á rárá, nítorí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé oníjẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í gba àjẹsára. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Irú àjẹsára kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé tiwọn gan-an ni.

1. Àìbéèrè orúkọ abẹ́rẹ́

Zostavax, tó jáde ní 2006, ní fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè nínú. Wọ́n kàn dín agbára rẹ̀ kù ni. Lára ẹni tí ìdènà àrùn rẹ̀ ti dín kù, fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́ yẹn lè tàn ká gbogbo ara. Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ti kú lẹ́yìn tí wọ́n gbà á ní Ọsirélíà. Wọ́n ṣíwọ́ títà á ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àmọ́ irú rẹ̀ kò tíì tán láyé: SkyZoster ti Kòríà Gúúsù náà, alààyè ni. Abẹ́rẹ́ chickenpox bíi Varivax àti Varilrix, alààyè ni wọ́n pẹ̀lú, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi rọ́pò.

Shingrix ni tiyín. Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀ rárá. Ẹyọ èròjà purotéènì kan láti ara fáírọ́ọ̀sì náà, glycoprotein E, ìwọ̀n máíkírógíráàmù 50, ni wọ́n pò mọ́ AS01B, èròjà tó ń jí ara dìde, nítorí náà kò lè fún yín ní shingles. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2017 fún àwọn ẹni ọdún 50 sókè, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ ní 2021 dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹni ọdún 18 sókè tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ ara wọn di aláìlágbára. Bí wọ́n bá dá yín padà pé ẹ kò tíì pé 50, ẹ sọ àìsàn tí ẹ ní fún wọn.

2. Dídúró

Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, CLL lè wà nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan láìnílò oògùn. Dókítà á kàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Àsìkò yẹn gan-an ni àsìkò abẹ́rẹ́. Kí là ń gbọ́ lẹ́nu wọn? "Ara mi le, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe?" Nígbà tí oògùn bá wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà: "Ẹ jẹ́ kí n parí oògùn ná." Ibrutinib, acalabrutinib àti zanubrutinib, àwọn oògùn CLL, kì í ṣe oògùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ló ń lò wọ́n fún ọdún púpọ̀, kò sí ìparí kankan nítòsí tí wọ́n ń retí.

Sẹ́ẹ̀lì B, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀, ni àwọn oògùn yìí ń dá dúró, sẹ́ẹ̀lì B yìí kan náà ló sì ń pèsè antibody, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2021, Shingrix mú antibody tó nítumọ̀ jáde lára nǹkan bí 59 nínú 100 àwọn oní-CLL tí kò tíì gba ìtọ́jú. Lára àwọn tó wà lórí irú oògùn wọ̀nyí, nǹkan bí 41 ni. Rituximab àti obinutuzumab, oògùn CLL mìíràn, tún le jù bẹ́ẹ̀, torí pé pípa ni wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì B, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá.

Nítorí náà, ọjọ́ tí dókítà bá sọ pé CLL ni, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ yìí. Àlàfo oṣù méjì sí mẹ́fà tó wà láàárín abẹ́rẹ́ méjèèjì, ti àwọn tí ara wọn dá pé nìyẹn. Ẹni tí ìdènà àrùn rẹ̀ ti dín kù lè gba èkejì lẹ́yìn oṣù kan sí méjì. Èyí túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ní ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sí i, méjèèjì ṣì lè wọlé. Ẹ gbìyànjú kí ó ku ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan ló dáa jù, kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìtọ́jú kò bá ṣeé dá dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. A kì í tìtorí abẹ́rẹ́ sún un síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lórí oògùn ńkọ́? Ẹ gbà á síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá shingles dúró, ó sì lè jí lára ẹni tí antibody rẹ̀ kò gbéra. Ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín nítorí abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń gba rituximab lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú èyí tó ń bọ̀. Oní-CML tó ń lo imatinib tàbí dasatinib kò ní ìdí kankan láti dúró kí oògùn tán.

3. Gbígba ẹyọ kan. Kò tó.

4. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì bá kọjá, ẹ kàn lọ gbà á, kò sí àtúnbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gún kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń tún gún.

Ẹ yéé lọ ṣe àyẹ̀wò antibody láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ "mú." Antibody oní-CLL sábà máa ń lọ sílẹ̀, èsì lè sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T ti múra tán. Ẹni tó sì ń gba immunoglobulin láti ojú iṣan, antibody àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrọ ni àyẹ̀wò yóò rí. Immunoglobulin yìí kò dí Shingrix lọ́wọ́, aciclovir tí ẹ ń lò láti dènà àrùn náà kò dí i lọ́wọ́. Ẹni tó dá aciclovir rẹ̀ dúró nítorí abẹ́rẹ́ ti ṣí ilẹ̀kùn fún àrùn lásán.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń gún un: ìgò méjì ni Shingrix, ìyẹ̀fun nínú ọ̀kan, omi AS01B nínú èkejì. A gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀, torí omi nìkan kì í ṣe àjẹsára. Ìwọ̀n òtútù 2°C sí 8°C ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Èyí tó bá dì ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá ti pò ó, tí wọn kò lò ó lójú ẹsẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ nínú fíríìjì. Inú ẹran èjìká ni wọ́n ń gún un sí, mílílítà 0.5, kì í ṣe abẹ́ awọ. Bí platelet yín (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá) bá kéré, tàbí ẹ wà lórí ibrutinib tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú: abẹ́rẹ́ tínrín, geji 23 tàbí èyí tó tún tínrín jù ú lọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, láìfi ọwọ́ ra á.

Apá ríro, ara ríro, orí fífọ́ àti òtútù fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ retí wọn. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná dé 38°C, tí sẹ́ẹ̀lì funfun yín sì ti lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kókó abíyá náà lè wú ní ìhà tí wọ́n gún. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán inú ara yín mọ̀, kó má baà kà á sí pé CLL ló ń gbèrú.

Ẹni tí shingles ń ṣe lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ sá lọ gba abẹ́rẹ́ láti fi wò ó. Kó gbẹ ná.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ méjèèjì, àwọn kan máa ń ronú pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwádìí 2019 tí wọ́n ṣe lára àwọn oníjẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé shingles dín kù ní ìwọ̀n 87 nínú 100, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe olórí ìṣirò antibody, wọ́n yọ àwọn oní-CLL sẹ́yìn. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn lé ara yín. Bí èéyọ bá so ní ìhà kan ara, tó ń jó bí iná, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín wákàtí 72 ni aciclovir 800 mg, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, ń ṣiṣẹ́ jù. Bí wákàtí yẹn bá ti kọjá, ẹ̀yin oní-CLL ṣì gbọ́dọ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ ojú iṣan nílé ìwòsàn ni wọn yóò gbà fi oògùn sí i. Bó bá wà ní ṣóńṣó imú tàbí ní àyíká ojú, dókítà ojú gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bò ó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ, torí ẹni tí kò ṣe chickenpox rí lè kó chickenpox láti ara omi inú rẹ̀.