Kí gíà má baà jó lọ́nà Ìtoìkín

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fa ọkọ̀ ojú omi onífáíbà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ ní Ìkòròdú tó fẹ́ kó dé etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, èmi ni wọ́n ń júwe fún un. Toyota Tundra ọdún 2003 ni mo fi ń ṣe é: V8, líta 4.7, ọtomátíìkì, gíà mẹ́rin. Ọkọ̀ omi náà, ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ irin tó gbé e máa ń tó tọ́ọ̀nù méjì. Mi ò pe kẹ̀kẹ́ irin yẹn ní tírélà, kí ẹ má lọ rò pé àwọn gàgàrà tó ń ṣubú dí títì ni mò ń sọ.

Gíà ti jó mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ló dè mí mọ́ Ìtoìkín, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, lọ́sàn-án gangan, mo wà ní D, ìyẹn gíà ìrìn iwájú, mò ń wọ́ bọ̀. Mo gbóòórùn bí ẹ̀pà tó jóná nínú agbada. Mo ní àwọn tó ń yan ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà ni. Ìgbà tí ọ̀nà máa fi là, mo tẹ tọ̀rótù, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní kí n ṣáà bu ọ́ìlì sí i. Mo bu ú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo ń ná gíà tòkunbọ̀.

Oòrùn kọ́ ló sè é. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní torque converter. Ẹ rò ó bíi fáànù méjì tó kọjú síra nínú ọ́ìlì: ẹ́ńjìnnì ń yí ọ̀kan, ọ́ìlì tí ìyẹn ń fọ́n ló ń yí èkejì. Tí ẹrù bá wúwo, tí ẹ kò sì sáré, ti àkọ́kọ́ á máa yí fìrìfìrì, èkejì á máa lọ́ra, ọ́ìlì àárín wọn á máa hó. Tí ìrìn bá dúró déédéé lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, wọ́n á so mọ́ra, ooru á sì lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wíwọ́ fi ń ba gíà jẹ́ ju sísáré lọ.

Nítorí náà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Nínú gosíló, ẹ má tẹ̀ lé ẹni iwájú ní ínǹṣì-ínǹṣì. Ẹ dúró títí àyè ọkọ̀ mẹ́ta á fi ṣí, kí ẹ wá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí dánfó bá já wọ àyè yẹn, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Òun kọ́ ló máa bá yín ra gíà. Tí ìdúró bá pẹ́, ẹ gbé e sí N, ìyẹn fírì, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì. Tí gíà bá ń wọ 4 tó tún ń jáde sí 3 ṣáá, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá gíà kí O/D OFF tàn, kó lè dúró sí 3. Ẹ má sì fi tọ̀rótù gbé ọkọ̀ dúró lórí òkè láé, bíréèkì wà fún ìyẹn.

Ibi tó le jù ni fífa ọkọ̀ jáde nínú omi. Àwọn ọmọ etí ọ̀sà á máa pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ dúró pátápátá, ẹ bọ́ sí N, ẹ gbé e sí L4, ìyẹn gíà ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fa ọkọ̀, kí ẹ wá rọra gùn ún. Á máa lọ bí ìgbín, àmọ́ ooru ò ní gbéra. Orí iyanrìn àti ẹrẹ̀ nìkan ni o. Tí ẹ bá ti kan ọ̀dà, ẹ dá a padà sí H2, ti táyà ẹ̀yìn méjì nìkan.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó nawó. Ọ́ìlì gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù, àmọ́ omi ibẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti gbóná tó 90°C. Ẹ fi rédíétọ̀ kékeré ti ọ́ìlì gíà kún un, níwájú rédíétọ̀ éésì, kí àyè ìka kan wà láàárín. Tuntun ni kí ẹ rà. Èmi náà fẹ́ràn tòkunbọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n tú lára gíà tó jó máa ń gbé èérún irin sínú, kò sì ṣeé fọ̀ tán.

Ibi tí àwọn oníṣẹ́ ti máa ń ṣì í rèé. Páìpù méjì ló wà lẹ́nu rédíétọ̀ ńlá. Ẹ tú ọ̀kan, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sábẹ́ rẹ̀, kí ọmọṣẹ́ ṣíná ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré. Tí ọ́ìlì bá tú láti ẹnu rédíétọ̀, páìpù àbọ̀, èyí tó ń dá ọ́ìlì padà sí gíà, lẹ tú. Tó bá tú láti inú páìpù, ti àlọ nìyẹn. Ti àbọ̀ ni kí ẹ so tuntun náà mọ́, kí ọ́ìlì kúrò ní rédíétọ̀ ńlá, kó gba kékeré, kó tó padà sílé. Ọ́ọ̀sì ọ́ìlì gíà ni kí ẹ lò. Ti omi á rà, á sì já lójú ọ̀nà.

Mo tún ní kí rewaya fi géèjì ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò mi, ó so ojú rẹ̀ mọ́ páìpù tó ń jáde látinú gíà. 80 sí 95°C dára. Tó bá kọjá 105, mo máa ń dẹwọ́. Tó bá kan 120, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo máa gbé e sí P, ìyẹn páàkì, àmọ́ mi ò ní paná, torí ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì kiri. Mo máa ń tẹ tọ̀rótù díẹ̀ títí ooru á fi sọ̀.

Ẹ máa fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wò nígbà tó bá gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó yẹ kó pọ́n. Tó bá dúdú tó ń rùn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá dà bíi sóbò tí wọ́n da mílíìkì sí, omi rédíétọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má wakọ̀ náà mọ́. Ẹ sì máa fọ eruku pupa kúrò lára rédíétọ̀ méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan báyìí, mo tún há sí Ìtoìkín pẹ̀lú ọkọ̀ omi lẹ́yìn, òórùn ẹ̀pà sì ta sí mi. Àyà mi já. Mo wo géèjì: 96. Mo wo ọ̀tún, mo rí ìyá kan tó ń ro ẹ̀pà nínú iyanrìn. Mo ní kí wọ́n bá mi di ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.