Bí A Ṣe Ń Yan Orúkọ fún Ọmọ Ajá Weimaraner

Ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wọlé. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ná, torí ọmọ ajá Weimaraner tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa ń tan ni jẹ. Ojú rẹ̀ búlúù báyìí, ṣùgbọ́n bó bá ń dàgbà, ojú yẹn sábà máa ń di àwọ̀ oyin tàbí àwọ̀ eérú. Ẹni tó bá tìtorí ojú sọ ọ́ ní Búlúù yóò máa ṣàlàyé fún gbogbo àlejò. Bákan náà ni Kékeré: tó bá jẹ́ akọ, ó lè ga tó 70 sẹ̀ǹtímítà ní èjìká, kó sì wúwo tó kílò 40.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ máa wò ó. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n fi tọ́ ìran ajá yìí ní agbègbè Weimar ní Jámánì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá púpọ̀. Síbẹ̀, kì í fẹ́ fi olówó rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá dìde lọ mu omi, á dìde. Bí ẹ bá jókòó padà, á gbé àgbọ̀n lé yín lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Òjìji fún èyí tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ kan yà lẹ́yìn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára jù. Orúkọ yìí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ tí ajá náà bá gbóòórùn ẹran ìgbẹ́, tó ki eré mọ́lẹ̀, òun ni okùn kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ yín. Ẹnu àti etí ni kí ẹ fi yàn án.

Ẹ kọ orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wù yín sínú ìwé, kí ẹ wá máa pè wọ́n sókè. Sílébù méjì ló dára jù lójú tèmi, mẹ́ta kò burú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kálukú nínú ilé á máa gé e kúrú síbi tó wù ú, ajá á sì ní orúkọ mẹ́rin. Ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ náà. Orúkọ tí ìparí rẹ̀ gòkè, bí Eérú, rọrùn láti fi ké jìnnà. Fàdákà lẹ́wà, ó sì bá ara ajá náà mu bó ṣe ń dán nínú oòrùn, àmọ́ ẹ ké e: ìparí rẹ̀ á rì sílẹ̀. Ààrẹ Dwight Eisenhower ti Amẹ́ríkà ní Weimaraner kan láwọn ọdún 1950, Heidi lorúkọ rẹ̀. Ó kúrú, ó sì yá lẹ́nu.

Ẹ wá yọ gbogbo èyí tó bá dún bí àṣẹ tí ẹ máa pa fún un: jókòó, wá, dúró, rárá. Ajá àkọ́kọ́ tí mo tọ́, Jójó ni mo sọ ọ́. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn ilé, á sáré dé agbedeméjì, á dúró, ìdí rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí koríko, ojú rẹ̀ á sì wà lára mi. Kò mọ̀ bóyá kó jókòó ni àbí kó wá. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí ó ń sapá láti ṣe ohun tí mo fẹ́. Mo yí i padà sí Tàlá, kò sì pẹ́ tó fi gbà á. Ẹ yọ èyí tó bá jọ orúkọ ará ilé náà.

Àwọn èèyàn máa ń pe irú ajá yìí ní iwin aláwọ̀ eérú, torí náà Ghost àti Shadow pọ̀ láàárín wọn. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ lè yan látinú ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ràn. William Wegman, tó ń fi kámẹ́rà ya Weimaraner, fi orúkọ ayàwòrán kan, Man Ray, pe tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí ajá náà bá ní ìwé ìran, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìdílé tó ti wá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Jámánì, lẹ́tà kan náà ni orúkọ gbogbo ọmọ tí ìyá kan bí lẹ́ẹ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò dí yín lọ́wọ́: Fàdákà lè wà nínú ìwé, kí Eérú wà lẹ́nu.

Ẹ gbé orúkọ méjì tó kù lọ sí pápá, kí ẹ ké ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹwàá. Èyí tí ẹnu kò bá kọ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ wá mú ẹran wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ẹ pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré, bó bá ti yíjú, ẹ fún un. Ìṣẹ́jú méjì ti tó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Bó bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ pé rárá, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà tó ń tòògbé, tí ìdí etí rẹ̀ gbéra kó tó lajú, ó ti mọ̀ pé òun lẹ̀ ń pè.