Tablet àtijọ́ tó kọ̀ tí ò gba íméèlì mọ́: ẹ má tíì jù ú nù

Bàbá mi ní iPad mini kan, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012 yẹn, wọn ò sì jẹ́ kí n ra òmíì fún wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí pé íméèlì Gmail àwọn ò wọlé mọ́, ó ní pásíwọọ̀dù àwọn ò dáa, bẹ́ẹ̀ inú ìwé làwọn ti ń wò ó kọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o. Pásíwọọ̀dù ò lẹ́jọ́ kankan níbẹ̀, Google ló ti pààrọ̀ àgádágodo.

Ká tó débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo déètì. Tí tablet bá ti kú sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mélòó kan, tẹ́ ẹ wá ṣáájì ẹ̀ tó tàn, aago ẹ̀ lè ti padà sẹ́yìn gan-an, tí déètì ò bá sì ti tọ̀nà, ìwé ẹ̀rí tí server (kọ̀ǹpútà Google tí íméèlì ń gbà wá) fi ń hàn án á dà bí ayédèrú lójú ẹ̀, kò ní gbà á. Àǹtí mi kan gbé tiẹ̀ wá, mo fi bíi wákàtí méjì bá a jà kí n tó wo aago, 1970 ló wà níbẹ̀! Gmail fúnra ẹ̀, 2004 ló dé. Ẹ lọ sí Settings, General, Date & Time, kẹ́ ẹ tan Set Automatically, tíyẹn ò bá gbọ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tò ó.

Ẹ tún wò ó lórí fóònù. Tíbẹ̀ náà ò bá gba íméèlì, ó lè jẹ́ ààyè ló kún, 15 GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni yẹn, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń jẹ ẹ́, fọ́tò òde ló sábà máa ń jẹ ẹ́ tán.

Tó bá ń wọlé sórí fóònù, ọ̀rọ̀ àgádágodo nìyẹn. Láti ìparí May 2022 ni Google ò ti gba pásíwọọ̀dù lásán lọ́wọ́ áàpù àtijọ́ mọ́. Ẹ má wulẹ̀ máa wá update kiri, iPad mini oní-Wi-Fi yẹn, iOS 9.3.5 ló parí sí. App password lẹ máa gbà, ìyẹn pásíwọọ̀dù ọ̀tọ̀ tí Google ń ṣe fún irú áàpù bẹ́ẹ̀: ẹ lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ tan 2-Step Verification (kí Google máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọọ̀dù), kẹ́ ẹ wá lọ sí myaccount.google.com/apppasswords, á fún yín ní lẹ́tà 16, mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kò ní fi hàn yín lẹ́ẹ̀kejì.

Lórí tablet, ẹ yọ account ti tẹ́lẹ̀ kúrò (tó bá jẹ́ POP, ọ̀nà tó ń kó íméèlì wá sórí tablet, lẹ fi ṣe é, ẹ dúró ná, àwọn íméèlì kan lè má sí níbòmíì ju orí tablet yẹn lọ). Add Account, ẹ má tẹ Google, Other ni kẹ́ ẹ tẹ̀, lẹ́tà 16 yẹn lẹ máa kọ síbi pásíwọọ̀dù. Tó bá bi yín ní server, IMAP (ọ̀nà tó ń fi íméèlì sílẹ̀ sórí server) ni kẹ́ ẹ mú, imap.gmail.com, port 993, ti ìfiránṣẹ́ smtp.gmail.com, port 465. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà rèé: lábẹ́ smtp ó máa kọ Optional síbi username àti pásíwọọ̀dù, ẹ máa rò pé kò pọn dandan. Irọ́ ni! Ẹ kọ méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ íméèlì á máa wọlé, kò ní lè jáde.

Ti Android, tó bá jẹ́ 2.3.7 sísàlẹ̀, kò sọ́gbọ́n, Google ò gbà kó wọlé mọ́ láti September 2021.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá mi tún pè. Wọ́n ti pààrọ̀ pásíwọọ̀dù Google wọn, ìyẹn sì máa ń pa app password rẹ́ pátápátá. Mo ní kí wọ́n gba òmíì, kí wọ́n fa ìlà sórí ti tẹ́lẹ̀ nínú ìwé yẹn, wọ́n ní ìlà ti pọ̀ jù níbẹ̀.