Bí Tọkọtaya Láti Àkúrẹ́ Ṣe Lè Wakọ̀ Rin Ìhà Gúsù Ilẹ̀ Áfíríkà

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí tọkọtaya tí ó fẹ́ wakọ̀ rin ìhà gúsù ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ni kí wọ́n kọ gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wù wọ́n sínú ìwé, kí wọ́n sì wá fa igi lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí èmi àti Bàbá Tọ́pẹ́ jókòó sí pálọ̀ wa ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni a kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì: Gúsù Áfíríkà, Nàmíbíà, Bòtswánà, Sáḿbíà àti Simbábúè. Ìgbà tí a fi máàpù wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, Nàmíbíà nìkan ni ó ṣẹ́ kù. Láti Cape Town dé Windhoek, tí í ṣe olú-ìlú Nàmíbíà, tó nǹkan bíi kìlómítà 1,500, bí ìgbà tí ènìyàn bá wakọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Èkó lẹ́ẹ̀marùn-ún. Láti Windhoek dé Kasane ní Bòtswánà tún ju kìlómítà 1,000 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ká gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ méjì, iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò máa wò títí tí yóò fi padà sílé.

Mo fara mọ́ Nàmíbíà fún ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé ọkọ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba wọn ń lò, owó wọn àti ráńdì Gúsù Áfíríkà sì jẹ́ ọgbọọgba, débi pé wọ́n máa ń gba ráńdì lọ́wọ́ yín níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ ná dọ́là Nàmíbíà tán kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí ẹ ò ní rí i ná ní Gúsù Áfíríkà.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà fún Nàmíbíà, ó sì nílò rẹ̀ fún Gúsù Áfíríkà náà bí ẹ bá máa gba ibẹ̀ lọ. Bí ẹ bá máa jáde ní Gúsù Áfíríkà kí ẹ tún padà gba ibẹ̀ wọlé, físà tí ó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ béèrè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ní láti pé ọjọ́ 10 lára kí ẹ tó wọ ìlú, nítorí náà ẹ má ṣe fi yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa rìn. Ẹ mú ìwé ìwakọ̀ yín dání pẹ̀lú ìwé ìwakọ̀ àgbáyé (International Driving Permit). Ìyàwó tí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ́wọ́, nítorí a máa ń béèrè rẹ̀ níbi físà, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìwakọ̀ sì ni kí wọ́n kọ sínú àdéhùn ọkọ̀ tí ẹ bá háyà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba owó díẹ̀ sí i, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa wakọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa padà. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ háyà máa ń fẹ́ káàdì kírẹ́dítì tí orúkọ awakọ̀ wà lára rẹ̀, wọn a sì di owó ìdúró mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi padà. Owó wà lórí káàdì wa, ṣùgbọ́n báńkì wa ti fi ààlà sí iye tí a lè ná lójúmọ́ ní òkèèrè láìsọ fún wa. Wákàtí mẹ́ta ni a fi jókòó ti ẹrù wa kí báńkì tó tú káàdì náà sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, kí ẹ béèrè ààlà yìí ní pàtó, kí ẹ sì mú káàdì kejì dání.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, sítíárì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní Nàìjíríà, ọ̀tún ni a ti ń gbà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ òmíràn. Ọjọ́ méjì gbáko ni Bàbá Tọ́pẹ́ fi ń tan wáípà nígbà tí ó bá fẹ́ yà, nítorí ọwọ́ tí a fi ń tan tráfíkétọ̀ nílé, wáípà ni ó wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Dígí ọkọ̀ wa gbẹ, ó sì ń dún jíẹ̀jíẹ̀ ní gbogbo oríta. Ẹ kọ́kọ́ fi wákàtí kan yí ká inú ọgbà ọkọ̀ tí ó ṣófo. Ní ráńdàbáòtù, ẹni tí ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fún lọ́nà. Iṣẹ́ ẹni tí kò wakọ̀ ni láti máa pe "òsì, òsì" ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yà tàbí tí ó bá jáde ní ilé epo, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń gbàgbé. Kí tọkọtaya ti fẹnu kò nílé pé ẹni tí a bá pè kò ní bínú. Èmi pe ọkọ mi tó ogún ìgbà ní ọjọ́ kan, ó sì dákẹ́ gbọ́ mi. Mo gbóríyìn fún un.

Ọ̀nà oníyangí ni ó pọ̀ jù ní Nàmíbíà, òun náà ni ó sì ń ba ìrìn-àjò jẹ́ jù. Ẹ má ṣe kọjá kìlómítà 80 ní wákàtí kan lórí rẹ̀, bí ojú ọ̀nà tilẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Òkúta wẹẹrẹ wọ̀nyẹn máa ń yí lábẹ́ táyà bí ẹ̀wà gbígbẹ, ẹni tí ó bá sì tẹ bírékì lójijì ní kọ́nà lè dojú ọkọ̀ dé. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò kì í san owó ọkọ̀ tí ó dojú dé láìkọ lu ọkọ̀ mìíràn. Ẹ ka àdéhùn náà dáadáa. Táyà àfirọ́pò méjì ni kí ẹ gbà. Nígbà tí tiwa jò lójú ọ̀nà láti Sesriem, níbi ẹnu ọ̀nà òkìtì iyanrìn Sossusvlei, jáàkì ń rì sínú iyanrìn bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè. Ìgbà tí a wá òkúta pẹlẹbẹ kan tì í lábẹ́ ni ó tó dúró. Láti ìgbà náà, mo ní kí ẹni tí ó bá ń lọ mú pátákó kékeré kan dání. Ẹ ra epo ní gbogbo ilé epo tí ẹ bá rí, kódà bí táńkì bá kù sí ìdajì, kí omi mímu má sì wọ́n nínú ọkọ̀.

Ọ̀nà tí a gbà nìyí: Windhoek sí Sesriem, Sesriem sí Swakopmund létí òkun, Swakopmund sí ọgbà ẹranko Etosha, kí a tó padà. Òkìtì iyanrìn pupa Sossusvlei wà ní nǹkan bíi kìlómítà 60 sí ẹnu ọ̀nà Sesriem. Ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀ àfi kìlómítà 5 tí ó kẹ́yìn, tí ó jẹ́ iyanrìn jíjìn. Ẹ wọ ọkọ̀ tí ń gbé èrò lọ síbẹ̀. Ní Etosha, Okaukuejo, ibùdó àlejò kan nínú ọgbà náà, ni kí ẹ sùn, nítorí iná wà létí kòtò omi tí ẹranko ti ń mu omi ní alẹ́, ẹ ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa wo erin láìwakọ̀ lọ síbì kan. Bí ẹ bá ti àríwá Nàmíbíà padà wá sí gúsù, wọn yóò gba ẹran tútù lọ́wọ́ yín níbi odi wáyà tí wọ́n fi ń dènà àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù.

Oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni òjò kì í rọ̀, tí ẹranko sì máa ń pọ̀ létí omi, ṣùgbọ́n òtútù alẹ́ aṣálẹ̀ kọjá ti ọyẹ́. Ẹ kó súwẹ́tà. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́ rárá, nítorí ẹranko igbó àti màlúù máa ń fò sójú ọ̀nà.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara ọkọ̀, pàápàá dígí iwájú àti táyà, kí ẹ tó gbà á àti nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Nígbà tí ẹ bá dé Èkó, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wakọ̀ yín wá sílé: Bàbá Tọ́pẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wakọ̀, ó ṣe dáadáa títí dé Gáráàjì Iléṣà ní Àkúrẹ́, níbi tí ó ti tan wáípà, tí ó sì yà sí òsì ojú pópó.