Tíìpù ní sàlúùn: àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí owó yín dé ọwọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ fún

Inú rere ló ń mú èèyàn fi tíìpù, ìyẹn owó ìmoore tó lé lórí owó iṣẹ́, sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí tí owó náà bá lọ síbi tí onítọ̀hún ò fọkàn sí. Amẹ́ríkà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé tíìpù ti di ara owó tí òṣìṣẹ́ sàlúùn fi ń jẹun níbẹ̀: 15% sí 20% owó iṣẹ́ ni wọ́n máa ń retí. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn ibi tí ẹ ti ń ṣì í ṣe rèé.

Àṣìṣe kìíní: ẹ̀ ń ṣírò tíìpù lórí owó tí wọ́n ti dín kù. Iṣẹ́ náà jẹ́ 100 dọ́là, kúpọ́ọ̀nù, ìyẹn ìwé ẹ̀dínwó, yọ 40 kúrò, ẹ wá mú 20% nínú 60, ó di 12 dọ́là. Kí ló dín kù nínú wákàtí tí onídìrí fi dúró? Sàlúùn ló dín owó fún yín, orí 100 ni kí ẹ ti ṣírò, ìyẹn 20 dọ́là. Káàdì ẹ̀bùn náà ńkọ́? Bó bá san owó iṣẹ́, ó lè má kan tíìpù rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó.

Àṣìṣe kejì: ẹ̀ ń ka ọṣẹ irun àti ìpara tí ẹ rà ní káńtà mọ́ ìṣirò tíìpù. Kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀, owó orí ìjọba náà kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìkẹta: ẹ̀ ń san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo rìsíìtì dáadáa, pàápàá tí ẹ bá lo sàlúùn inú hòtẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ti fi 18% tàbí 20% kún un fúnra wọn, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ó ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, torí lójú òfin Amẹ́ríkà, owó tí ilé iṣẹ́ bá fi dandan lé e kì í ṣe tíìpù, ilé iṣẹ́ ló ni ín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ẹni tó fọ irun yín. Ẹni náà ló dúró nídìí omi, tó ń fọ aró títí omi fi ń mọ́ gaara, tó ń fi òwú nu èyí tó ta sí etí àti iwájú orí yín. Ẹ dé káńtà, ẹ fi 24 dọ́là lé iṣẹ́ 120 dọ́là lórí ẹ̀rọ ìsanwó, ọkàn yín sì balẹ̀ pé gbogbo wọn ló máa pín in. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀! Orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí iṣẹ́ náà nínú ẹ̀rọ, ti ẹni tí ẹ bá ṣe àdéhùn, òun ni 24 dọ́là náà ń lọ bá. Onídìrí tó háyà àga nínú sàlúùn ló ń kó gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó fọ irun, owó wákàtí ni wọ́n sábà máa ń san fún un.

Nítorí náà, kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó fọ ọ́. 3 sí 5 dọ́là dára fún un. Tó bá fẹ́ irun náà gbẹ pẹ̀lú, ẹ fi kún un. Ẹ má ti owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì kún fún aró. Ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ ní káńtà. Tó bá jẹ́ káàdì nìkan lẹ ní, ẹ ní kí wọ́n pín in sí orúkọ méjì kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, torí pé lẹ́yìn ìyẹn àtúnṣe rẹ̀ le.

Ẹ má sì jẹ́ kí máníjà kankan sọ fún yín pé òun náà ń gba nínú rẹ̀. Láti 2018 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún ọ̀gá àti máníjà láti mú nínú tíìpù òṣìṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2024, gbogbo rẹ̀ pátá ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́.

Ojú ẹ̀rọ tí wọ́n yí sí yín, tó ń fi 20%, 25%, 30% hàn: ẹ má fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú owó orí. Àyè wà tí ẹ ti lè fọwọ́ ara yín tẹ iye tó wù yín.

Àṣìṣe míì nìyí: irun ò dáa, ẹ kọ̀ láti fi tíìpù sílẹ̀, ẹ sì bá tiyín lọ láìsọ̀rọ̀. Ta ló máa mọ ohun tó bàjẹ́? Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí àga, nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.

Nọ́ọ̀sì tó fi léésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tí wọ́n fi ń tọ́jú ara, ṣiṣẹ́ lára yín kì í sábà gba tíìpù. Bó bá jẹ́ ẹni tó ni sàlúùn fúnra rẹ̀ ló ṣe irun yín, bó bá wù yín lẹ fi máa fún un.

Ní Jàpáánù, iye tí wọ́n kọ ni kí ẹ san. Tíìpù kì í ṣe àṣà wọn: ẹni tí ẹ fi owó sílẹ̀ fún lè sáré tẹ̀ lé yín dé ìta láti dá a padà, torí á rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni.